Àkàtúnkà: Ọ̀nà Tí Ọ̀rọ̀ Fi Ń Pẹ́ Lọ́wọ́ Ẹni

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, wọ́n sì wí i ní ìgbà tí ọ̀rọ̀ kò tí ì pọ̀ tó báyìí. Ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ohun titun ní àgbègbè wa yìí, ìbáà ṣe ní Ìkìrun tàbí ní Ìnísà, ní Ìgbayè tàbí ní Òkukù, yóò dúró de ọjọ́ ọjà, tàbí kí ó dúró de ọkọ̀ ojú irin tí ń ti Èkó bọ̀. Lónìí, kí ọmọ ilé-ìwé tó bọ́jú ní òwúrọ̀, ọ̀rọ̀ ti rọ́ wọ inú fóònù rẹ̀ láti òru wá bí eéṣú. Ó ka díẹ̀ nínú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí òmíràn, ó fi òmíràn ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, tí a sì bi í léèrè pé, "Kí ni o kà ní òwúrọ̀?" a óò rí i pé agbọ̀n náà ṣófo.

Ọ̀ràn yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Kì í ṣe pé a fẹ́ bú ẹ̀rọ ayélujára, nítorí ẹni tí ó bá bú u nínú wa yóò tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé tí ọmọ ilé-ìwé kò lè rí yá nítòsí ni fóònù gbé wá sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ọpẹ́ ni ó sì yẹ fún èyí. Ìbéèrè wa ni pé: kí ni ó ń mú kí ọ̀rọ̀ kan pẹ́ lọ́kàn ẹni tí ó kà á, tí òmíràn sì ń lọ bí ìrì? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dáhùn kíá pé ìwé ni ó ń pẹ́, fóònù ni kì í pẹ́; tàbí pé ọ̀rọ̀ gígùn ni ó ń pẹ́, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni kì í pẹ́. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. A óò mú ẹ̀rí méjì wá, ọ̀kan láti Òkukù nílé wa níhìn-ín, èkejì láti Èkó, láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé rárá lè pẹ́, àti pé ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sórí ìwé ìròyìn, irú èyí tí a fi ń di àkàrà ní ọjọ́ kejì, lè pẹ́ pẹ̀lú, bí àwọn tí ó gbà á bá mọ bí a ti ń gba ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí a ti ń kàwé lórí ayélujára. Ní ọdún 2008, Jakob Nielsen, ará Denmark kan tí ó ti pẹ́ nínú ìwádìí bí àwọn ènìyàn ti ń lo ayélujára, ṣírò rẹ̀ pé nínú 100 ọ̀rọ̀ tí ó wà lójú ewé kan níbẹ̀, ẹni tí ó yà wò ó kò lè ráyè ka ju 28 lọ. Ó sì sún mọ́ òtítọ́ jù pé 20 ni yóò kà. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ kan láti Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà àti láti ilé ìwádìí Inria ní ilẹ̀ Faransé tọ ipa àwọn ìròyìn tí àwọn ènìyàn ń nà sí ara wọn lórí Twitter. Wọ́n rí i pé nínú 100 irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, 59 ni ẹnikẹ́ni kò ṣí wò rárá. Èyí ni pé ènìyàn ń bu oúnjẹ fún aládùúgbò rẹ̀ láìjẹ́ pé òun tàbí aládùúgbò náà tọ́ ọ wò.

A kò ní láti dé Amẹ́ríkà kí a tó rí èyí. Kò sí ẹni nínú wa tí kò sí nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan, ìbáà ṣe ti ìjọ, tàbí ti ìdílé, tàbí ti àwọn tí a jọ jáde ní ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ gígùn kan dé. Kò ní orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, kò ní ọjọ́, kò sì ní ìlú. Kí ẹni tí ó ń kà á bí ó ti yẹ tó ka ìlà mẹ́wàá, ènìyàn márùn-ún ti dáhùn pé "Àmín," ẹni kẹfà ti fi àwòrán àtàǹpàkò sí i, ẹni keje sì ti gbé òmíràn dé lé e lórí. Kò sí ẹni tí ó bèèrè ohun kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di gbólóhùn yìí mú, nítorí òun ni ìdí ọ̀rọ̀ wa: kò sí ẹni tí ó bèèrè ohun kan.

Nísisìyí, ẹ jẹ́ kí a yà sí Òkukù. Láàrin àwọn ọdún 1970, obìnrin kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Karin Barber, wá gbé ní Òkukù fún ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́ta. Ó kọ́ èdè wa, ó sì jókòó ti àwọn obìnrin tí ń ké oríkì, ó ń gbọ́, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ń bèèrè. Ìwé tí ó kọ nípa rẹ̀, I Could Speak Until Tomorrow, jáde ní ọdún 1991, orúkọ Òkukù sì ti tipa bẹ́ẹ̀ dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga káàkiri ayé.

Kí ni oríkì? Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ dáradára yóò rí i pé kì í ṣe ìtàn gígùn tí ó ní orí àti ìdí. Ìlà kan lè jẹ́ ti baba ńlá tí ó jagun, ìlà kejì lè jẹ́ ti ẹni tí ó ní ọrọ̀, ìlà kẹta sì lè jẹ́ yẹ̀yẹ́ tí a fi ẹnì kan ṣe ní ọjọ́ kan tí gbogbo ìlú ti gbàgbé. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ju pé ẹnì kan ni a ń fi wọ́n kì. Ẹni tí ń kì í lè bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí ó bá wù ú, kí ó sì dákẹ́ ní ibi tí ó bá wù ú. Bí ó bá ṣe ti kíkúrú àti àìsopọ̀ ni, oríkì ni ohun tí ó jọ ọ̀rọ̀ orí fóònù jù lọ nínú gbogbo ohun tí àwọn baba wa fi sílẹ̀: ègé ọ̀rọ̀ kéékèèké, tí ọ̀kan ń ti èkejì jáde.

Síbẹ̀ oríkì pẹ́. Ní ìgbà àwọn ogun Ìlọrin àti Ìbàdàn, èyí tí Ogun Jálumi tí a jà ní Ìkìrun ní ọdún 1878 wà nínú wọn, àwọn ará Òkukù fi ilé àti oko sílẹ̀, wọ́n sì sá di Ìkìrun. Wọn kò di ìwé kankan mọ́ ẹrù wọn, nítorí wọn kò ní. Nígbà tí àlàáfíà dé tí wọ́n sì padà sí ilẹ̀ wọn, oríkì bá wọn padà, ó sì wà títí ó fi bá obìnrin òyìnbó náà níbẹ̀.

Kí ni ó gbé e ró? A rí ohun mẹ́ta. Èkínní ni pé a kì í pè é lẹ́ẹ̀kan. A ń pè é bí ìyàwó bá ń lọ sílé ọkọ, a ń pè é bí a bá ń sìnkú àgbà, a ń pè é ní ọjọ́ ọdún. Ìyá tilẹ̀ ń fi í jí ọmọ ní òwúrọ̀ kí ó tó rán an níṣẹ́. Èkejì ni pé ènìyàn ni a ń pè é sí, a kì í pè é sí afẹ́fẹ́. Ẹni tí a ń kì dúró níwájú ẹni tí ń kì í, orí rẹ̀ ń wú, kò sì lè wò bí ẹni tí kò gbọ́.

Ẹ̀kẹta ni ó tóbi jù lọ. Oríkì ṣókùnkùn. Ènìyàn lè gbọ́ ìlà kan fún ogún ọdún kí ó má mọ ohun tí ó wí. Nígbà náà ni ọmọ yóò bi àgbà léèrè pé, "Bàbá, kí ló dé tí wọ́n ń pe ìdílé wa bẹ́ẹ̀?" Àgbà yóò sì jókòó, yóò sì pa ìtàn ìlà náà. Barber fi hàn nínú ìwé rẹ̀ pé oríkì àti ìtàn kì í ṣe ohun kan náà: ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ń ké èkínní, ọ̀tọ̀ sì ni ẹni tí a sábà máa ń bi ní èkejì. Ṣùgbọ́n ọ̀kan kò lè dá dúró láìsí èkejì. Àìyéni oríkì kì í ṣe àbùkù rẹ̀. Òun ni ìwọ̀ tí ó fi ń kọ́ ọkàn, tí kò jẹ́ kí ọmọ lè jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ kí ó tó bèèrè. Níbi tí kò bá sì ti sí ẹni tí ó bèèrè títí àgbà náà fi lọ, ìlà náà lè wà lẹ́nu síbẹ̀, ṣùgbọ́n yóò dà bí àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù.

Àwa tí a ń kọ́ni ní ilé ìjọsìn mọ ọ̀nà yìí dáradára. Ìwẹ̀fà ará Etiópíà ń kàwé nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà aṣálẹ̀. Ó kà á sókè, Fílípì sì gbọ́. Fílípì bèèrè bí ó bá yé e, ìwẹ̀fà náà kò sì tijú láti wí pé òun ń fẹ́ ẹni tí yóò tọ́ òun sọ́nà. Ìbá ṣe pé ó fi ojú yí ìwé náà kọjá, tí ó sì ká a, Fílípì ì bá ti sáré lásán.

Ẹ̀rí wa kejì ti Èkó wá. Ní ọdún 1929, Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Obìnrin náà pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́. Ó ní òun ti darúgbó, àìsàn ti dá òun wó, òun sì fẹ́ jẹ́wọ́ ayé ìṣekúṣe tí òun gbé, kí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin lè fi òun kọ́gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, lẹ́tà ń gorí lẹ́tà, títí ó fi di ọdún 1930. Ní ọdún náà gan-an ni Thomas kó wọn jọ, tí ó sì sọ wọ́n di ìwé. Àwọn onímọ̀ kan kà á sí ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, nítorí ó fi ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà, tí ó jáde ní ọdún 1938.

Bí a bá gbé ìwé yìí lé orí ìwọ̀n, kò ṣàìní àléébù. Ẹkún inú rẹ̀ pọ̀. Bí ìtàn bá ti ń dùn, ìyá náà a dá a dúró láti kìlọ̀, lẹ́yìn ìkìlọ̀ a tún kẹ́dùn, ẹni tí ó bá sì jókòó láti kà á tán ní ọjọ́ kan yóò rò pé ìyá náà ń rìn yí ojú kan náà ká. Ṣùgbọ́n a kò kọ ọ́ kí a lè kà á tán ní ọjọ́ kan. A kọ ọ́ fún ẹni tí yóò kà á ní ọ̀sẹ̀ yìí, tí yóò sì fi ọjọ́ tí ó kù rò ó, kí lẹ́tà mìíràn tó dé. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, àsọtúnsọ ìyá náà kì í ṣe àléébù. Ó dà bí ègbè orin, tí ń dá olórin padà sí ọ̀nà.

Iyì rẹ̀ sì tóbi. Ìyá náà ń dárúkọ àdúgbò àti òpópó Èkó, ó ń rántí orin tí àwọn ènìyàn ń kọ ní ìgbà èwe rẹ̀, ó ń mú òwe àti ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá ìjọ ti ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ń kà á a wí pé, "Lóòótọ́ ni, èmi náà rántí ìgbà yẹn." Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ó fi orúkọ rẹ̀ gan-an pamọ́. Èyí ni ìwọ̀ tirẹ̀. Èkó bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè pé, "Ta ni ìyá yìí?" Àwọn òǹkàwé kọ lẹ́tà sí olóòtú. Báyìí ni ìwé ìròyìn, tí ayé rẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ṣe ní ìbéèrè àti ìdáhùn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí oríkì ti ní ìtàn.

Ẹ̀kọ́ mìíràn sì tún wà nínú rẹ̀, tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ mú lò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ka Sẹ̀gilọlá ní ìgbà náà gbà pé ìyá kan wà láàyè ní Èkó tí ń kọ lẹ́tà lórí ibùsùn àìsàn. Àwọn onímọ̀ tí ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́yìn wọn gbà pé Thomas fúnra rẹ̀ ni ó dá ìyá náà sílẹ̀. Ẹni tí ó kà á lẹ́ẹ̀kan bá a sunkún. Ẹni tí ó kà á lẹ́ẹ̀kejì rí ọwọ́ olóòtú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé pípẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ń sọ ènìyàn di ẹni tí ń gba ohun gbogbo gbọ́. Irọ́ orí fóònù kò ní ọ̀tá tí ó burú tó ẹni tí ó padà wá kà á ní ìgbà kejì.

Ta ni ó wá mú ìwé ìtàn Èkó yìí padà sí iwájú ayé? Ní ọdún 2012, ilé ìtẹ̀wé Brill tẹ ọ̀rọ̀ Sẹ̀gilọlá jáde ní Yorùbá pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti àlàyé gígùn lórí ayé àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà ni Karin Barber, obìnrin kan náà tí ó ti jókòó ti àwọn akígbe oríkì ní Òkukù. Lójú tiwa, èyí kì í ṣe èèṣì. Òkukù ni ó ti kọ́ pé kí ènìyàn má ṣe fi ojú kéré ègé ọ̀rọ̀, pé ìtumọ̀ wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀, àti pé ẹni tí ó bá bèèrè ni yóò rí i. Etí tí ó kọ́ lẹ́nu àwọn ìyá wa ni ó gbé lọ sí ìdí ìwé ìròyìn tí ó ti gbó. Bí àjèjì bá lè kọ́ èyí lọ́dọ̀ wa, ó yẹ kí ojú tì wá bí àwa ọmọ onílé bá sọ ọ́ nù.

Ẹnì kan lè wí pé, "Kí ni ẹ ń dààmú sí? Fóònù ń pa gbogbo rẹ̀ mọ́." Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní ọdún 2024, ilé ìwádìí Pew ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nínú 100 ojú ewé ayélujára tí ó wà ní ọdún 2013, 38 ni a kò rí mọ́ ní ọdún 2023. Ní ọdún 2019, Google ti ìlẹ̀kùn Google+, gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn kọ síbẹ̀ ní gbangba sì kúrò níbẹ̀. Ní ilẹ̀ wa gan-an, láti oṣù Òkudù ọdún 2021 títí di oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2022, ìjọba fi òfin de Twitter. Lóòótọ́, ilé kan wà ní San Francisco tí a ń pè ní Internet Archive, tí ó ti ń ṣe àdàkọ ojú ewé ayélujára pa mọ́ láti ọdún 1996, iṣẹ́ rere sì ni; ṣùgbọ́n kò lè wọ inú ẹgbẹ́ WhatsApp ìdílé yín. Bí fóònù bá já sínú omi, tàbí tí olówó rẹ̀ bá kú, ó tán.

Ẹlòmíràn lè tún bèèrè pé, "Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí a dì mú?" Rárá o. Àgbẹ̀ kì í fi gbogbo àgbàdo rẹ̀ ṣe irúgbìn. Èyí tí ó yọmọ dáradára ni ó ń so kọ́ sókè àdìrò. Ìgbàgbé pàápàá ní iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì sí ìlú tí ó lè ru gbogbo ọ̀rọ̀ àná. Ohun tí ó bà wá nínú jẹ́ ni pé àwa kò yàn mọ́. Bí ọ̀rọ̀ ti ń wọlé ni ó ń jáde, àgbàdo tí ó yọmọ àti èyí tí kòkòrò jẹ ń bá ara wọn lọ sínú odò kan náà.

Ọ̀ràn yìí sì kan àwa ará ìlú kéékèèké ju àwọn ará Èkó lọ. Èkó ní ìwé ìròyìn ní ọdún 1929, ó sì ní àwọn tí ó tọ́jú wọn. Àwọn ìlú wa kò ní irú rẹ̀. Nísisìyí, lórí Facebook àti WhatsApp, àwọn ọmọ ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìtàn ìdílé wọn, ìdí orúkọ àdúgbò wọn, bí ìjọ ti ṣe bẹ̀rẹ̀ àti ẹni tí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ilé-ìwé. Ó lè jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Àgbà kan lè tẹ̀ ẹ́ ní òru, pẹ̀lú ojú tí kò ríran dáradára mọ́, kí ó tó di ìdajì wọ́n ti kí i ní "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," kí ó sì tó di ọ̀sán ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ti bò ó mọ́lẹ̀. Ìkíni dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe kíkà. Kò sí ẹni tí ó wí pé, "Bàbá, ọdún wo ni? Ta ni ó sọ fún yín? Ìdílé kejì kò ha sọ ọ́ lọ́nà mìíràn?" Ní ọjọ́ tí a bá ń wá ìdáhùn náà, ẹni tí à bá bi kò ní sí mọ́.

Ǹjẹ́ kí ni kí a ṣe? Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ nínú gbogbo èyí tí ó wọlé sórí fóònù yín, èyí tí ó ní láárí, kí ẹ sì kà á sókè níwájú kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bèèrè nǹkan mẹ́ta nípa rẹ̀: ta ni ó kọ ọ́, ìgbà wo ni ó kọ ọ́, báwo ni ó ṣe mọ̀? Bí a kò bá rí ìdáhùn kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní baba, kí wọ́n sì ṣọ́ra fún un. Bí ó bá yè, kí wọ́n dà á kọ sínú ìwé pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́. Nígbà tí oṣù kan bá kọjá, ẹ padà sí i. Ẹ óò rí i pé ohun tí àwọn ọmọ yóò rí nínú rẹ̀ ní ìgbà kejì kò ní jẹ́ ohun tí wọ́n rí ní ìgbà kìíní.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ tí ẹ kò kà tán ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ka ohun tí ó dára, ẹ kọ ìwé sí ẹni tí ó kọ ọ́, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan tí ó ní ìtumọ̀. Inú rẹ̀ yóò dùn sí i ju ọgọ́rùn-ún àwòrán àtàǹpàkò lọ. Bí ẹni tí ó kọ ọ́ bá sì jẹ́ àgbà ní ìlú yín, ẹ má ṣe kọ ìwé sí i. Ẹ lọ bá a nílé ní ọjọ́ Sátidé, kí ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ mú ìwé àti gègé lọ́wọ́, kí ẹ sì wí fún un pé ẹ ti ka ohun tí ó kọ lẹ́ẹ̀mejì, àti pé ibì kan wà níbẹ̀ tí kò yé yín.